Òṣùwọ̀n Wo Ni A Fi Ń Wọn Ìwádìí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà? Ìtàn Iṣẹ́ Àṣekágbá Láti Minna

Ìfáárà

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Nàìjíríà láìṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, èyí tí tọmọdé tàgbà inú ọgbà Yunifásítì mọ̀ sí pírójẹ́ẹ̀tì. Yóò mú orí-ọ̀rọ̀ kan, yóò bá olùkọ́ alámòójútó jíròrò lé e lórí, yóò kọ orí márùn-ún, yóò di ìwé náà pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn líle, yóò sì dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti dáhùn ìbéèrè. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fún un ní máàkì. Ìtàn máàkì yìí ni bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò: ta ni ó ń wọn iṣẹ́ náà, kí ni ó ń wọ̀n nínú rẹ̀, kí sì ni ó ń fi sílẹ̀ láìwọ̀n?

Èrò wa ni pé ohun méjì ni àwa ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n wọ̀n. Èkíní ni ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ. Èkejì ni ilé, olùkọ́ àti ohun èlò tí Yunifásítì ní. Ohun kẹta, tí í ṣe ètò ìwádìí náà fúnra rẹ̀, kì í sábà bọ́ sórí ìwọ̀n. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí ó bèèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ìwádìí yàtọ̀ sí ẹni tí ó jẹ́ kí ó tó ṣe é, tàbí bóyá ìmọ̀ kan ṣẹ́kù sílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè gùn lé. Minna ni a yàn gẹ́gẹ́ bí ojú-ìtàn nítorí pé Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ti ibẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìtàn kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa rìn pọ̀ ní ìṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé-ìṣísẹ̀.

Àwọn òǹkàwé wa lè máa bèèrè ohun tí ó kan onímọ̀ èdè nínú ọ̀ràn yìí. Ó kàn wá gidigidi. Nínú àwọn orí-ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ń mú lóde òní, àwọn kan wà tí èdè wa jẹ́ ohun èlò wọn: fífi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, títúmọ̀ èdè, sísọ ìwé di ohùn. A ó padà sórí èyí nígbà tí ó bá yá.

Kí Minna Tó Dé

Àkọsílẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ so ìwọlé kọ̀ǹpútà sí Nàìjíríà mọ́ iṣẹ́ ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963. Ní ọdún 1963 kan náà ni ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nínú àwọn ọdún 1970, ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ń gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó àti Nsukka, nígbà tí ó sì di ọdún 1978, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti pọ̀ tó láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ìbéèrè tí ìgbà náà ń bèèrè lọ́wọ́ wọn kò le: ṣé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́? Ṣé ó ti parí ìṣirò owó oṣù kí oṣù tó tán? Bí ó bá ti parí rẹ̀, ẹni tí ó darí rẹ̀ ti mọṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí kékeré kan níhìn-ín. Orúkọ tí àwa onímọ̀ èdè fún kọ̀ǹpútà, ìyẹn ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, oríkì ni, ìyára sì ni oríkì náà rí yìn. Kò sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń fi ìyára rẹ̀ ṣe. A kò dá ẹni tí ó ṣẹ̀dá orúkọ náà lẹ́bi, nítorí pé ohun tí gbogbo ayé ń rí lára ẹ̀rọ náà nígbà náà ni ó kó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni àwọn olùyẹ̀wò fi wo iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà pípẹ́: ohun tí ọmọ náà ṣe, ṣé ó yá ju ọwọ́ lọ?

Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Minna

Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni Minna. Ojú-irin tí ó dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ó sọ ọ́ di oríta, tí àwọn Nupe, Hausa, Ígbò àti Yorùbá fi ń pàdé níbẹ̀. Ní ọdún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀, Minna di olú-ìlú. Ọdún méje lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 1, oṣù kejì, ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. O. Ndagi sì ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Bosso ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí ó jẹ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tẹ́lẹ̀. Ibùdó ńlá rẹ̀ ní Gidan Kwano, lójú ọ̀nà Bida, ni ó wá tẹ̀lé e.

Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ yàtọ̀ sí Yunifásítì gbogbogbòò ní ọ̀nà kan tí ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa. Ọdún 5 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò níbẹ̀ kí ó tó gba oyè B.Tech., ó sì gbọ́dọ̀ fi oṣù mélòó kan nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ lábẹ́ ètò SIWES, èyí tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kan tí ó ń kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń fọwọ́ sí i, olùkọ́ ń bẹ̀ ẹ́ wò, àjọ ITF náà ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú mẹ́ta ni ó ń wo ọmọ kan ṣoṣo. Bí ètò náà bá lọ bí ó ti yẹ, akẹ́kọ̀ọ́ ń padà wálé pẹ̀lú ìṣòro gidi tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí, ìṣòro yìí sì lè di orí-ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. A gbà pé èyí ni ohun tí ó dára jù lọ nínú ètò àwọn Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó sì dùn wá pé iṣẹ́ oṣù wọ̀nyí àti iṣẹ́ àṣekágbá kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀: ìwé ọ̀tọ̀ ni èkíní, ìwé ọ̀tọ̀ ni èkejì, máàkì wọn kò sì pàdé níbì kan àfi nínú ìwé èsì ìdánwò.

Abẹ́ ìṣirò ni ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wà ní Minna ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé àṣekágbá ọdún 1990 sí 1999 ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ka Mathematics/Computer Science. Ẹni tí ó bá ka àkọlé àwọn iṣẹ́ ìgbà náà, ní Minna àti ní àwọn Yunifásítì mìíràn, yóò rí i pé èrò kan ń padà wá lemọ́lemọ́, ìyẹn sísọ iṣẹ́ ọwọ́ di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: owó oṣù òṣìṣẹ́, fáìlì aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ẹrù inú ilé ìkẹ́rùsí, èsì ìdánwò, owó iná mànàmáná. Èdè BASIC, FORTRAN tàbí dBASE ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ó rọrùn fún ẹni òde òní láti fojú tín-ín-rín wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1986 tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti bẹ̀rẹ̀, tí iye náírà sì wálẹ̀, ríra kọ̀ǹpútà kan di ìnira fún odidi ẹ̀ka. Akẹ́kọ̀ọ́ ogún lè máa dúró de ẹ̀rọ kan, kí iná sì lọ nígbà tí ó bá kan ẹnì kẹta nínú wọn. Ní irú àyíká bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó rìn lọ sí ilé ìwòsàn, tí ó wo bí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wá fáìlì, tí ó sì kọ ètò tí ó lè bá wọn wá a, ti ṣe ohun tí ó ní láárí. Ohun tí ó kù láti bèèrè ni bóyá ilé ìwòsàn náà lo ètò ọ̀hún fún ọjọ́ kan péré, kò sì sí àyè fún ìbéèrè yìí nínú ìwé máàkì.

Kí ni ó wá wà nínú ìwé máàkì? Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, olùkọ́ alámòójútó ni ó ni máàkì tí ó pọ̀ jù, nítorí òun ni ó mọ iye ìgbà tí ọmọ náà wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùkọ́ ẹ̀ka ń fún un ní máàkì fún ìdáhùn ẹnu. Olùyẹ̀wò láti òde ń wá ní ìparí ọdún, ó ń mú ìwé díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀, ó ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé, ó sì ń sọ bóyá máàkì tí ẹ̀ka fún wọn ga jù tàbí ó kéré jù. Àkànṣe ìbéèrè nípa ìwé ni wọ́n sábà máa ń bèèrè: ṣé orí kejì ka iṣẹ́ àwọn tí ó ṣáájú, ṣé àwòrán ètò wà níbẹ̀, ṣé ìwé ìtọ́kasí bá òfin mu, ṣé ètò náà ṣiṣẹ́ lójú wa lónìí? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń bèèrè wọn fún ogójì ọdún, a ó mọ púpọ̀ nípa ìwé, a kò sì ní mọ nǹkan kan nípa ìwádìí.

Òṣùwọ̀n Àjọ NUC

Àjọ NUC ni ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn Yunifásítì. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbani-nímọ̀ràn, ó sì di àjọ tí ó ní òfin tirẹ̀ ní ọdún 1974. Òfin ọdún 1985 ni ó fún un ní agbára láti sọ ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ tí ètò ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé. Ìwé ìwọ̀n náà jáde ní ọdún 1989, nígbà tí ó sì di ọdún 1990, àwọn aṣojú àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti Yunifásítì kan sí òmíràn láti fi ìwọ̀n náà wọn olúkúlùkù ẹ̀ka.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí bí ìwọ̀n náà ti rí, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìwé máàkì tí àjọ náà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, 100 ni gbogbo máàkì. Àwọn olùkọ́ ni ó ni 32. Ilé, yàrá ìṣàyẹ̀wò àti ohun èlò ni ó ni 25. Ètò ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ni 23. Ilé ìkówèésí ni ó ni 12, owó ni ó ni 5. Èrò àwọn tí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́ lẹ́yìn tí ó jáde ni ó ni 3. Ẹ̀ka tí ó bá gba 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì kùnà nínú àwọn ìpín pàtàkì, ni ó ń gba ìfọwọ́sí kíkún fún ọdún 5. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó gba 60, a ó fún un ní ọdún 2 láti tún ara rẹ̀ ṣe.

Nínú 100, 97 ni ó ń wo ohun tí Yunifásítì ní. 3 péré ni ó ń wo ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Lóòótọ́, àwọn aṣojú NUC máa ń ka ìwé àṣekágbá tí wọ́n bá rí lórí tábìlì, àwọn ẹ̀ka sì máa ń kó èyí tí ó dán jù síwájú wọn. Kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Ohun tí ìwọ̀n náà kò ní ni ọ̀nà láti mọ bí ọgọ́rùn-ún ìwé yòókù tí kò dé orí tábìlì ti rí.

A kò sọ pé àjọ náà ṣìṣe. Ní ọdún 1990, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tí kò ní kọ̀ǹpútà pọ̀ ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ọmọ wẹ̀ odò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè bóyá odò wà. Ìwọ̀n yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀gá Yunifásítì ra ẹ̀rọ tí wọn kì bá tí rà. Òfin ọdún 1993 tí ó dá ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fi ojú kejì kún un. Nígbà tí wọ́n tún ìwé ìwọ̀n ṣe ní ọdún 2007, ọ̀rọ̀ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ yọ nínú rẹ̀. Ìwé tuntun tí ó jáde ní ìparí ọdún 2022, tí àwọn Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2023, ya ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ kúrò lábẹ́ sáyẹ́ǹsì gbogbogbòò. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ ni NUC ń là sílẹ̀, Yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì ni yóò fi ìdá 30 yòókù kún un bí àyíká rẹ̀ bá ti rí. Ìdá 30 yìí ni a rò pé àǹfààní Minna wà.

Bí Wọ́n Ti Ń Wọ̀n Ọ́n Níbòmíràn

Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì MIT bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ìwádìí ní ọdún 1969, Margaret MacVicar ni ó sì darí rẹ̀. Ní ọdún 1987, àjọ sáyẹ́ǹsì ìjọba wọn, NSF, bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún irú ètò yìí káàkiri, èyí tí wọ́n ń pè ní REU. Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣojú àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ Computing Research Association bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọdún 1994: akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yóò kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, yóò lo àkókò ìsinmi ọdún lọ́dọ̀ olùwádìí kan ní Yunifásítì mìíràn. Kì í ṣe ìwé ni wọ́n ń lé. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí àwọn obìnrin tí wọ́n ń tẹ̀ síwájú láti gba oyè gíga nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò náà dára, kíka ìwé àwọn ọmọ náà kò tó. Ó di dandan kí wọ́n tẹ̀ lé wọn lọ.

Ìbéèrè ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà. David Lopatto gbé èsì ìwádìí kan jáde ní ọdún 2004, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ 1,135 láti ilé-ẹ̀kọ́ 41 ti sọ ohun tí ìwádìí ṣe fún wọn. Kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan, onírúurú ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ni. Ọ̀pọ̀ wọn sọ pé àwọn jèrè: òye bí a ti ń ṣe ìwádìí yé wọn sí i, wọ́n sì rí i pé àwọn lè fara da ìjákulẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi rí àléébù méjì nínú irú ọ̀nà yìí. Èkíní ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Èkejì jinlẹ̀ ju èyí lọ: àwọn tí a ń yàn sínú irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ àwọn tí ojú wọn ti là tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ síwájú lẹ́yìn rẹ̀, ta ni ó lè sọ pé ètò náà ni ó tì wọ́n síwájú? Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tí a dárúkọ lókè yìí fi dá ibùdó kan sílẹ̀ tí ó ń fi àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe é, lọ́dọọdún, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó jẹ́ èso ètò yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bùn ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí èyí ti yàtọ̀ sí tiwa. Ní Amẹ́ríkà, díẹ̀ ni a ń yàn láti ṣe ìwádìí. Ní Nàìjíríà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbọ́dọ̀ ṣe é. Àléébù kejì tí ó ń yọ wọ́n lẹ́nu kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wá, nítorí pé a kì í yan ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ọwọ́, ọdún lẹ́yìn ọdún, a lè fi àwọn tí olùkọ́ wọn mú lọ síbi ìṣòro gidi wé àwọn tí wọ́n jókòó sí yàrá da ìwé kọ, kí a sì rí ohun tí àwọn ará òkè òkun ń náwó ńlá kí wọ́n tó rí. Ṣùgbọ́n a kò pa àkọsílẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ ìgboyè, ó ṣòro kí ẹ̀ka tó mọ ibi tí ọmọ wọ̀ sí, àyàfi bí ó bá padà wá gba ìwé ẹ̀rí.

Òṣùwọ̀n Ilé

Kì í ṣe pé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí ìran Yorùbá. Bí ọmọ bá kọ́ ìlù, ọ̀gá rẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń sọ pé ó ti mọ̀ ọ́n lù. Ojú agbo ni ìdánwò rẹ̀ wà: ẹni tí ó kì ni yóò dáhùn, bí ó bá ṣì í kì, olóríkì yóò wo ojú rẹ̀. Bí ọmọ awo bá lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tí àwọn àgbà awo sì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀kọ́ kò tíì tán. Yóò máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé, wọn yóò máa kí ẹsẹ Ifá fún ara wọn gbọ́, ẹni tí ó bá sì ṣi ẹsẹ kì, a ó tún un ṣe lójú gbogbo awo. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ pàápàá, kí ọ̀gá tó gbà á láyè láti ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, àwọn oníbàárà ti ń wọ ẹ̀wù tí ó rán kiri ìlú.

Ohun tí ó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún ní ohùn nínú ìdájọ́. A kò fẹ́ sọ àsọdùn o. Ìkọ́ṣẹ́ ní àbùkù tirẹ̀: ọ̀gá lè fi ọmọ ṣe ẹrú ilé, ó sì lè ka ìbéèrè sí àfojúdi. Ìwádìí kò sì lè gbèrú níbi tí ìbéèrè bá ti di àfojúdi. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 3 nínú 100 tí NUC fún àwọn agbanisíṣẹ́ wé ipò tí olóríkì wà lójú agbo, a ó rí ibi tí ìyàtọ̀ wà.

Ìgbà Íntánẹ́ẹ̀tì àti Àwọn Iṣẹ́ Orí Èdè

Ohun tí ó dé lẹ́yìn ọdún 2000 sọ ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú. Kọ̀ǹpútà kò wọ́n mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, Minna ti ní odidi ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ àti kọ̀ǹpútà, títí kan ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ bí ohun èlò ti dé ni ìwé títà dé. Kò sí ọgbà Yunifásítì tí a kò ti lè rí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀dà ìwé tí wọ́n ti ń ta pírójẹ́ẹ̀tì tí a ti kọ tán, íntánẹ́ẹ̀tì sì sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ọjà gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní báyìí, ẹ̀rọ wà tí yóò kọ orí márùn-ún náà fún akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó jẹun tán, pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà tí yóò ṣiṣẹ́ lójú ìgbìmọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé nìkan ni a ń wọ̀n, ohun tí a ń wọ̀n ti kúrò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Àkókò náà tún ń kúrú: ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ gba oṣù mẹ́sàn-án ní ọdún 2020 àti oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022, lẹ́yìn irú èyí sì ni a ń fi ìkánjú ṣe ìwádìí tí ó yẹ kí ó gba odidi ọdún.

Apá tí ó kan àwa gan-an ni àwọn iṣẹ́ orí èdè. Ní Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe sọ Yorùbá pẹ̀lú ohùn tí ó tọ́. Ní Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ lórí títẹ èdè wa àti gbígbọ́ ọ. Láti ọdún 2019, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń jẹ́ Masakhane ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àpapọ̀. Ọ̀nà ti là, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ètò tí ó ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kọ láìsí àmì. Ó wá síwájú ìgbìmọ̀, ó ní ètò òun gbà ju ìdajì lọ, pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣì í fi àmì sí kò pọ̀. Inú ìgbìmọ̀ dùn. Onímọ̀ èdè kan ìbá wà níbẹ̀, ìbá bèèrè iye tí ètò aláìgbọ́n jù lọ yóò gbà: èyí tí ó kàn ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àmì tí ó máa ń ní jù lọ, láìwo ohun tí ó yí i ká. Irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò gba púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn kò ní ju àmì kan tí ó wọ́pọ̀ lọ. Ibi tí ìwádìí wà ni ìyókù: ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Onímọ̀ èdè náà ìbá tún bèèrè ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti rí ìwé tí ó fi kọ́ ẹ̀rọ, àti ẹni tí ó fi àmì sí ìwé náà. Bí àmì inú rẹ̀ kò bá tọ́, máàkì tí ètò náà gbà kò jámọ́ nǹkan kan.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà pe olùkọ́ èdè sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí àwa náà bèèrè pé kí wọ́n pè wá. Ìdí tí a fi ní kí olùkọ́ èdè máa jókòó níbẹ̀ ni pé, bí ìgbìmọ̀ bá ti gba iṣẹ́ tí kò péye wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tí ó ń bọ̀ yóò tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ti ṣe yanjú, ọmọ mìíràn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan náà láti òdo ní Yunifásítì mìíràn, láìmọ̀ pé ẹnì kan ti ṣubú síbẹ̀.

Ìdá 30 tí ìwé ìwọ̀n tuntun fi sílẹ̀ fún Yunifásítì tó láti ṣe ohun mẹ́ta ní Minna. Ẹ̀ka lè pàṣẹ pé kí iṣẹ́ àṣekágbá jáde láti inú oṣù SIWES, kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sì ní máàkì nínú rẹ̀. Ó lè béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwé òòjọ́ ìwádìí rẹ̀ hàn, tí àṣìṣe inú rẹ̀ wà níbẹ̀ bí ó ti rí. Ó sì lè máa kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n jáde, lọ́dún kìíní, ọdún kẹta àti ọdún karùn-ún.

Ìbẹ̀rẹ̀ ti wà fún èyí. Yunifásítì Minna ti ya àwòrán ọ̀pọ̀ ìwé àṣekágbá àtijọ́, ó sì kó wọn sí ilé-ìpamọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ti ọdún 1990 sí 1999 wà nínú wọn. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé wọ̀nyí ti tó ẹni àádọ́ta ọdún tàbí wọ́n ń sún mọ́ ọn, púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ alámòójútó wọn sì ti ń fẹ̀yìn tì. Àwọn ni wọ́n mọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò, ilé-iṣẹ́ tí ó lo ètò wọn àti èyí tí ó tì í sí kọ́ńbọ́ọ̀dù, àti orí tí wọ́n dà kọ nínú ìwé ẹlòmíràn. A lè bi wọ́n léèrè lọ́dún yìí.